Ẹjọ́ Múfútáù Aṣọ́lé

Ẹ dín ohùn fóònù yẹn kù díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọn fèrè ìparí ni mo ti jókòó síbí tí mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń bú agbábọ́ọ̀lù yẹn, tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ èébú ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ò bá jẹun rí. Hàlímà ní kí wọ́n lé e kúrò. Jàmíù ní, "Grandpa, that guy sold us, wallahi. Ẹ wo bó ṣe dúró bí òpó." Mo wò ó, lóòótọ́ ó dúró bí òpó. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi dúró, mi ò rí i, ẹ̀yin náà ò rí i. Àwa náà ti dá irú ẹjọ́ yìí rí, níbí ní Peckham, ní London, kí wọ́n tó bí yín. Èmi gan-an ni mo jẹ́ olùpẹ̀jọ́.

Ayé ìgbà náà yàtọ̀. Ẹ̀yin, orí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn tí wọn ò mọ̀ yín. Àwa ní ẹgbẹ́ tiwa. Ìrẹ̀pọ̀ la pè é. Àwọn ọkùnrin Yorùbá tó ń gbé àwọn ilé alájà Aylesbury, Walworth àti Peckham ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀, agbálẹ̀ ọ́fíìsì, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìtajà, ẹni tó ń kàwé. Èmi, ibi tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu lò, òun ló sọ mí di gbajúmọ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Bí ẹ bá kọjá ní Aylesbury lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ rí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé mọ́kànlá tí wọ́n sá sára irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta, ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ti ń wó ilé yẹn báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo dúró, mo ń fi ojú wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nínú afẹ́fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìró bàtà oníṣòó wọn lórí àtẹ̀gùn kọnkéré ló máa ń jí àwọn tí kò tíì jí. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ dé ojú títì, tí a ó sì kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí pápá Burgess. Àwọn ìyàwó á ti di àkàrà sínú bébà onífàdákà, tíì gbígbóná á wà nínú fúláàsì. Òtútù á mú wa, òjò winniwinni á máa rọ̀, a ò ní kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí a bá kí Yídì tán, àwọn àpọ́n á gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn oníyàwó, ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò bá olówó ẹran gé ẹran. Ní ọjọ́ kan, ajá òyìnbó kan já wọ inú pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, Ràṣáàkì, lé ajá náà yí adágún po ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà la pè é lẹ́jọ́. A ní kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi sá irú eré yẹn fún wa rí.

Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà ní Rye Lane nígbà náà, ti Gàníyù. Kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn tí a bá ti kírun Àìlà tán lọ́jọ́ Àìkú, Gàníyù á ti ilẹ̀kùn, àwa olólùfẹ́ á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn, agbábọ́ọ̀lù tó bá já wa kulẹ̀ á sì jókòó sórí àga ìgẹrun, kó kọjú sí dígí ńlá. Kò ní rí wa ní tààrà. Inú dígí ni yóò ti máa wo ojú gbogbo wa. Bí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá lórí afárá, dígí náà á gbọ̀n, ojú wa á sì gbọ̀n nínú rẹ̀. Alhaji Sàká, tó ń ta aṣọ ní East Street, ni adájọ́. Èmi ni olùpẹ̀jọ́. Ìdájọ́ wa kì í le: fọ ẹ̀wù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbé àwọ̀n, kúnlẹ̀ kí òpó góòlù kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó tinú ṣọ́ọ̀bù yẹn jáde tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì lọ sílé lọ jẹun. Mo gbádùn ipò yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Múfútáù ni aṣọ́lé wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó gùn, ó dákẹ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ọdún márùn-ún ló fi ṣọ́lé fún wa, kò sì sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́ rí. Nígbà tó di ọdún kẹfà, ìyẹn ọdún tí a dé àṣekágbá ìdíje kan fún ìgbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù líle á bọ̀ láti iwájú, á fò ó mú bí ológbò. Èyí tó rọrùn á yọ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ òsì, á jókòó sínú àwọ̀n. A kàn ń kùn sínú.

Ẹgbẹ́ kan láti Catford la bá pàdé ní àṣekágbá náà. A ti gbá góòlù méjì, wọ́n ti gbá méjì, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹnìkan nínú wọn fẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù láti apá òsì. Ẹ̀yin ọmọ, bọ́ọ̀lù náà ń yí jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Múfútáù dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ojú rẹ̀ wà ní àárín pápá. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí àwọn ará Catford pariwo ni ó tó yíjú wo ẹ̀yìn.

Kí a tó kúrò ní pápá, ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Wọ́n ní balógun ẹgbẹ́ Catford yẹn, gárééjì kan náà ni òun àti Múfútáù ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń pín àkókò iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yọ Múfútáù kúrò nínú iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sí iṣẹ́ àárọ̀, èyí tí gbogbo awakọ̀ ń wá lójú méjèèjì. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní lóye? Ó ti tà wá.

Ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù Gàníyù kún dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Múfútáù wọlé, ó jókòó sórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹ̀wù aṣọ́lé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Mo dìde. Mo bi í pé, "Ta ni balógun wọn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Brother. Gárééjì wa ló wà."

"Ta ló ń pín shift fún yín?"

"Òun ni."

"Ta ló yí tìrẹ padà?"

"Òun náà ni."

"Ìgbà wo?"

"Tuesday tó kọjá."

Ariwo sọ. Alhaji Sàká gbá ọwọ́ lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó pẹ́. Mo ní, "Ṣé òun ló fi lọ̀ ọ́ ni, àbí ìwọ lo bẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Nítorí kí ni?"

Ọkọ̀ ojú irin kọjá, dígí gbọ̀n. Alhaji ní, "Múfútáù, wọ́n bi ọ́ léèrè."

Ó ní, "Alhaji, mo lè búra pé mi ò ta yín. Ìdí tí mo fi bẹ̀ ẹ́, mi ò lè sọ ọ́ níbí."

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé kó wá búra nígbà náà. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán, àwọn àgbà ọkùnrin ń bèèrè Kùránì. Alhaji kò fẹ́, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn èrò ti pọ́n. Gàníyù lọ ṣàlùwàlá, ó gbé Kùránì tirẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ funfun tí ó fi wé e. Àlùwàlá èmi náà ṣì wà láti ìgbà ìrun, ni wọ́n bá gbé e fún mi. Mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì Múfútáù, mo na Kùránì náà sí i.

Kò gbà á. Ó jókòó, ó ń wo iwájú, ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ lórí itan. Mo na án títí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

"Ó kọ̀ ọ́," ni ẹnìkan wí. "Ẹ wò ó, ó kọ Kùránì."

Lẹ́yìn mi ni wọ́n ti ń pariwo. Múfútáù rọra sọ̀rọ̀, èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Ó ní, "Brother, ẹ gbé e wá, mo ti ṣetán."

Kùránì náà kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí etí rẹ̀.

Mo rọra sún un síwájú, díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó kọjá etí, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀gangan imú ni ó tó ta gìrì, tó na ọwọ́. Ó rí i pé mo ti mọ̀. Nínú dígí yẹn, ó mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń bẹ ènìyàn.

Mo fa Kùránì sẹ́yìn. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún ẹjọ́ yìí sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe bú mi. Wọ́n ní èmi náà wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí mo bá jẹun láàárọ̀ yẹn ní èmi náà ti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dun ẹni tí wọ́n bá ń sọ ọ́ sí, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Mo bá Múfútáù rìn lọ sí Walworth. A kọjá ọgbà ilé ìwé kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, afọ́jú ni kó tó kú. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ni ìfọ́jú náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ayé láti inú ihò ilẹ̀kùn. Tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ojú òsì ló burú jù. Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn, wọ́n sì ní dandan ni kó sọ fún àwọn tó fún un ní láísẹ́ńsì. Kò tíì sọ. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó yọ òun kúrò ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ á fẹ̀ sí i. Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, ó sì wà nínú oyún oṣù méje.

Mo ní, "Múfútáù, èrò ń bẹ nínú bọ́ọ̀sì yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Èrò ń bẹ lójú títì."

"Brother, mo mọ̀. Mo máa ń yí ọrùn. Mo máa ń yí ọrùn gan-an." Ó dúró. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá mi lẹ́bi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ta bọ́ọ̀lù náà. Èmi náà á gbà pé mo tà á. Kí wọ́n lé mi, kí wọ́n má kí mi mọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọkùnrin yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹ̀sín kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo sọ fún un pé kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi á sọ ọ́. Mo fún un ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe tèmi láti fún ẹnikẹ́ni, ti àwọn èrò inú ọkọ̀ ni. Títí dòní ni mo ṣì ń rò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń mú ìyá yín lọ sí ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. A dúró ní ibùdókọ̀ Walworth Road, bọ́ọ̀sì dé, mo gbé ojú sókè, Múfútáù ni. Mo lè yí padà, kí n fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ọmọ tèmi rìn, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń wọ̀ ọ́ lójú mi. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Mo fi ìyá yín jókòó sí àga iwájú, èmi sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Múfútáù, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èrò kò gbọdọ̀ dúró.

Mo ní, "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Bí mo bá parí shift yìí."

Ó wa ọkọ̀ lọ. Ó ń yí ọrùn lóòótọ́, òsì, ọ̀tún, òsì, òógùn ń sàn wọ inú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá bọ̀ láti òsì, mo ń pè é fún un ní Yorùbá, ohùn ìsàlẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀. Ó ti kọjá. Ìyá àgbà kan wà létí títì." Àwọn èrò á rò pé à ń tàkúrọ̀sọ ni. Nígbà tí a súnmọ́ ẹnu ọjà East Street, ọkùnrin kan tó fẹ́ kọjá fi àpò kọ́ mi lápá, mo yíjú láti dá a lóhùn. Kò ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Nígbà tí mo padà wo iwájú, obìnrin kan ti ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ bọ́ sójú títì láti òsì.

Mo ní, "Múfútáù, dúró."

Ó tẹ búréèkì. Gbogbo wa dà síwájú, ìyá yín ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Kẹ̀kẹ́ ọmọ náà wà níwájú ọkọ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò gba ara ènìyàn. Ìyá náà di irin kẹ̀kẹ́ mú, kò lè ké, kò lè rìn. Ọmọ inú rẹ̀ sì sùn, kò mọ nǹkan kan.

Múfútáù pa ẹ́ńjìnnì. Ó tan iná ìkìlọ̀. Ó mú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ fún wọn ní gárééjì. Ó ní kí wọ́n rán awakọ̀ mìíràn wá, ojú òun kò dára mọ́, ó sì ti pẹ́ tí kò ti dára. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo èrò lè gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló jáde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin òyìnbó yẹn lójú títì, tíyẹn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Gàníyù. A ò ránṣẹ́ pè é. Sìdíkátù tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú oyún rẹ̀, obìnrin kan kò sì wọ ibẹ̀ lásìkò ẹjọ́ rí. Ó jókòó sórí àga, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó ní wọ́n ti gba láísẹ́ńsì òun, pé wọ́n lè wá iṣẹ́ ọ́fíìsì fún òun ní gárééjì, wọ́n sì lè má wá a. Ó ní, "Ẹ ò tíì dá ẹjọ́ mi. Mo wá gbọ́ ọ."

Èmi náà dìde, mo sọ tèmi: pé láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti mọ̀, pé mo jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde. Kò sí ẹni tó wò mí. Sìdíkátù nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọdún márùn-ún ló fi ṣọ́lé fún yín. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá kan ṣoṣo wọlé, ẹ̀yin ọkùnrin ogún ń wò ó, kò sí ẹnìkan nínú yín tó bi í pé kí ló dé. Èmi ìyàwó rẹ̀ náà ò bi í."

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà kí a tó dá a. Alhaji Sàká ní ìdájọ́ òun ni pé kí gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, agbábọ́ọ̀lù àti olólùfẹ́, lọ yẹ ojú wọn wò kí oṣù tó parí, nítorí pé ohun tó wà nínú ìdílé ẹnìkan lè wà nínú ti ẹlòmíràn. Ó ní ìyẹn ni ẹjọ́ ìkẹyìn tí òun máa dá lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lóòótọ́, a kò jókòó bẹ́ẹ̀ mọ́. Gárééjì fún Múfútáù ní iṣẹ́ ìdáhùn fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tó le. Ìrẹ̀pọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn kó lọ, wọ́n dàgbà, ó tú ká.

A lọ yẹ ojú wa wò. Tèmi mọ́. Nínú gbogbo wa, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n dá dúró pé kó má tíì lọ, Alhaji Sàká ni. Ojú òun náà ti ń dín láti ẹ̀gbẹ́, kò sì mọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a lórí àga nínú yàrá ìdáná, ó gbé orí sẹ́yìn. Múfútáù dúró lé e lórí, ó fi ìka kan fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Alhaji, ẹ má ṣẹ́jú. Òkè ni kẹ́ ẹ máa wò." Ó sì kán an, ẹ̀kán kan, kò jẹ́ kó ṣòfò.